Sinimá Tí A Kò Gbọ́ Èdè Rẹ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa pa òwe yìí nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kí a pe ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn wá síwájú, kí a wo ojú rẹ̀ kí a tó dájọ́. Olùkọ́ kan wà ní ìlú Ìwó, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí ó ti fi ojú mìíràn wo òwe náà. Lọ́dọ̀ tirẹ̀, òwe yìí ni ó ṣàlàyé bí ènìyàn ṣe lè jókòó fún wákàtí méjì níwájú sinimá tí kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú èdè rẹ̀, kí ó sì fi omijé dìde níbẹ̀. Láti ọdún 2007 ni ọkùnrin yìí ti ń wá sinimá àwọn ará ilẹ̀ òkèèrè kiri, tí ó ń wò ó, tí ó sì ń pe àwọn ẹlòmíràn wá wò ó. Àwọn tí wọ́n mọ̀ ọ́n rò pé ọ̀wọ́n eré ni ó ń wá. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀. Ìtìjú ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ká tó dé orí ìtìjú náà, ó yẹ kí a mẹ́nu kan ìyá rẹ̀. Nígbà tí olùkọ́ yìí wà ní kékeré, ní nǹkan bí ọdún 1980 sí 1985, aládùúgbò wọn kan ní tẹlifíṣọ̀n àti ẹ̀rọ fídíò. Bí ìyà-ilé bá ti parí iṣẹ́ ọjọ́ Sátidé, àwọn obìnrin àdúgbò a gbé àpótí àti ẹní, wọn a lọ wo fíìmù Íńdíà. Ìyá rẹ̀ kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, áńbọ̀ǹtórí èdè Híńdì. Síbẹ̀, tí ó bá padà dé ilé, a máa sọ ìtàn fíìmù náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tòun ti orin rẹ̀. Ọ̀kan wà tí àwọn obìnrin náà fi jiyàn títí tí wọ́n fi pe ìrun Ìṣáì. *Mother India* ni orúkọ rẹ̀, ọdún 1957 ni Mehboob Khan gbé e jáde. Ìyá kan wà nínú rẹ̀, Radha, tí oko àti gbèsè fẹ́ pa, tí ó fi ìyà tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Nígbà tí ọmọ tí ó fẹ́ràn jù di ìgárá, tí ó sì fẹ́ jí ọmọbìnrin kan gbé ní ọjọ́ ìgbéyàwó, ìyá yìí kan náà ni ó yìnbọn fún un. Ṣé ó ṣe é re? Ṣé ìyá lè ṣe bẹ́ẹ̀? Àwọn kan ní ó tọ́, àwọn kan ní òfin ayé kò gbọdọ̀ ju ọmọ inú ẹni lọ. Kò sí ẹnì kankan nínú wọn tí ó rántí pé èdè tí wọ́n fi ṣe eré náà kò yé òun.

Ọmọ náà lọ sí ilé ìwé, ó mọ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì di ẹni tí ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ àwọn ọmọ ẹlòmíràn. Bí ìmọ̀ yìí ṣe ń wọlé ni nǹkan kan ń jáde. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka fíìmù Íńdíà sí ohun ìṣeré àwọn ìyá tí kò kàwé. Fíìmù Yorùbá pàápàá, ó di ohun tí ó ń wò bí ẹni tí ń yọjú lójú fèrèsé. Nígbà tí Túndé Kèlání gbé *Ṣaworoidẹ* jáde ní ọdún 1999, ó wò ó nítorí pé gbogbo àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ó sì yin iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ní ọkàn rẹ̀, sinimá gidi ni èyí tí wọ́n bá fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Amẹ́ríkà.

Bàbá rẹ̀ jẹ́ àgbẹ̀, wọ́n sì tún ń ránṣọ. Wọ́n ti kàwé dé ibi tí ó jinlẹ̀ nílé kéú, wọ́n lè fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ èdè Yorùbá sílẹ̀ geere, gbogbo gbèsè àwọn oníbàárà wọn ni ó wà nínú ìwé báyìí. Ní Ìwó, níbi tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti pẹ́ tí ó sì rinlẹ̀, irú àwọn bàbá bẹ́ẹ̀ pọ̀, wọ́n sì ń bọ̀wọ̀ fún wọn ní àdúgbò. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti dé iwájú akọ̀wé ọ́fíìsì, aláìmọ̀wé ni wọ́n ń pè wọ́n.

Ní ọdún 2005, àbúrò bàbá yìí fi owó ránṣẹ́ láti òkè òkun. Orúkọ tí ó wà lára ìwé owó náà kò bá ti inú káàdì ìdánimọ̀ bàbá mu. Ọ̀kan gbé orúkọ àbísọ síwájú, èkejì gbé orúkọ ẹ̀sìn síwájú. Wọ́n ní kí bàbá lọ búra nílé ẹjọ́. Wọ́n mú ìwé ìbúra dé, wọ́n ní fọ́tò kù. Wọ́n mú fọ́tò dé, wọ́n ní ọ̀gá kò sí níjòókòó. Ní ìgbà kẹta, ọmọ wọn tẹ̀lé wọn lọ. Bàbá ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ní Yorùbá, pẹ̀lú òwe, bí àgbàlagbà ṣe ń ṣàlàyé. Àwọn tí wọ́n tò sẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í pòṣé. Ara olùkọ́ náà gbóná fún ìtìjú, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún akọ̀wé pé kí ó má ṣe dá bàbá yìí lóhùn, pé kò kàwé ni. Akọ̀wé rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n san owó náà. Bàbá àti ọmọ wọ ọkọ̀ padà sílé, bàbá kò sì sọ nǹkan kan títí wọ́n fi sọ̀ kalẹ̀. Fún ọdún méjì, kò sí ẹni tí ó dárúkọ ọjọ́ náà.

Ní oṣù Okúdù ọdún 2007, ìròyìn kàn pé Ousmane Sembène kú ní ìlú Dakar. Olùkọ́ yìí kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, tí ó kọ́ èdè Faransé ní yunifásítì, tí ó sì ti gbé ní Abúlé Èdè Faransé tí ó wà ní Àgbádárìgì gẹ́gẹ́ bí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ èdè náà ṣe ń ṣe, ni ó mú àwo fíìmù kan wá fún un. Ó ní kí ó wò ó kí ó fi ṣe ìdárò ọkùnrin náà. *Mandabi* ni wọ́n kọ sí i lára.

Ìtàn Sembène fúnra rẹ̀ tó fi ṣe sinimá. Ọdún 1923 ni wọ́n bí i ní Ziguinchor, ní gúúsù Sẹ̀nẹ̀gàl. Ó ṣe iṣẹ́ alárù ní èbúté ọkọ̀ ojú omi ní Marseille, níbẹ̀ ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé ìtàn àròsọ ní èdè Faransé. Ìwé rẹ̀ jáde, wọ́n yìn ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó wo ẹ̀yìn wò, ó rí i pé àwọn ènìyàn tí òun ń kọ ìtàn wọn kò lè kà á. Ìyá rẹ̀ kò lè kà á, àwọn apẹja etí odò kò lè kà á. Ọkùnrin tí ó ti ń súnmọ́ ẹni ogójì ọdún yìí bá gba Mosko lọ, ó lọ kọ́ iṣẹ́ sinimá. Ní ọdún 1963, ó gbé *Borom Sarret* jáde, fíìmù kékeré nípa ọlọ́mọlanke ẹlẹ́ṣin kan ní Dakar. Ní ọdún 1968 ni *Mandabi* tẹ̀lé e, sinimá gígùn tí wọ́n fi èdè Wolof ṣe. Nítorí pé owó ìjọba Faransé wà nínú rẹ̀, ẹ̀dà méjì ni ó ní láti yà: ọ̀kan ní Faransé, ọ̀kan ní Wolof. Èyí tí wọ́n fi Wolof ṣe ni ayé ń rántí lónìí.

Olùkọ́ náà kò gbèrò láti wo àwo yìí pẹ̀lú bàbá rẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ tí ó fẹ́ wò ó ni iná dé lójijì, bàbá sì jókòó sí pálọ̀. Àwòrán àkọ́kọ́ tí ó yọ ni onígbàjámọ̀ kan lábẹ́ igi, tí ó ń fá irun fún ọkùnrin arúgbó kan, tí ó tilẹ̀ ń fi abẹ gé irun inú imú rẹ̀. Bàbá sún àga mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n béèrè ohun tí àwọn ènìyàn náà ń sọ. Ọmọ wọn bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà ní ìsàlẹ̀ àwòrán, ó ń sọ ọ́ di Yorùbá bí ó ti ń lọ.

Ọkùnrin tí wọ́n ń fá irun fún ni Ibrahima Dieng. Kò níṣẹ́ lọ́wọ́, ó ní ìyàwó méjì àti ọmọ méje, ó wọ agbádá ńlá tí ó ń gbálẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ tí ń gbálẹ̀ ní ìgboro Paris fi ìwé owó ránṣẹ́ sí i, ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n owó sẹ́fà. Ẹgbẹ̀rún méjì péré nínú rẹ̀ ni tirẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó tó rí owó náà rárá, gbogbo àdúgbò ti gbọ́. Àwọn ìyàwó ti ra ìrẹsì ní àwìn, àwọn aládùúgbò ti ń wá yá owó. Ó dé ilé ìfìwéránṣẹ́, wọ́n ní kí ó mú káàdì ìdánimọ̀ wá. Ó lọ gba káàdì, wọ́n ní kí ó mú ìwé ìbí wá. Ó lọ gba ìwé ìbí, wọ́n ní kí ó dárúkọ ọjọ́ tí wọ́n bí i. Ó lọ ya fọ́tò, wọ́n jẹ owó rẹ̀, wọ́n sì lù ú dé ibi tí ẹ̀jẹ̀ fi dà nímú rẹ̀. Ní ìgbẹ̀yìn, ìbátan rẹ̀ kan tí ó mọ ìwé dáadáa, tí ó wọ kóòtù tí ó sì ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, bá a gba owó náà, ó sì kó o jẹ.

Bàbá rẹ́rìn-ín kíkan ní ìdajì àkọ́kọ́. Wọ́n ń pe ìyá wa wò ó, wọ́n ní ẹ wá wo aláṣejù yìí. Láti ibi tí Dieng ti dúró níwájú akọ̀wé ni ẹ̀rín wọn ti dá. Ọmọ wọn ń ka ìtumọ̀ lọ, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Nígbà tí eré parí, bàbá jókòó pẹ́.

“Ta ni ó ṣe eré yìí?”

“Ará Sẹ̀nẹ̀gàl kan ni, Bàbá. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni.”

“Kí Ọlọ́run forí jì í. Ta ni ó sọ ọ̀rọ̀ mi fún un?”

Ọmọ kò lè dáhùn. Bàbá tún ní, “Mo gbọ́ ohun tí o sọ fún akọ̀wé lọ́jọ́sí.”

“Bàbá, Gẹ̀ẹ́sì ni mo sọ.”

“Mo mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì ni. Ojú rẹ ni mo ń wò.”

Olùkọ́ náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ǹtì. Bàbá ní kí ó dìde. Wọ́n ní kí ó bá àwọn béèrè lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ bóyá ó ní irú rẹ̀ mìíràn.

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe bẹ̀rẹ̀. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Láti ọjọ́ náà, fíìmù ilẹ̀ òkèèrè kan ní ọ̀sẹ̀ kan, nígbà tí iná bá wà tàbí tí epo bá wà nínú jẹnẹrétọ̀, ọmọ a máa ka ìtumọ̀ jáde, òbí a máa wò. Nínú gbogbo èyí tí wọ́n wò, àwọn kan wà tí olùkọ́ náà kì í yé dárúkọ fún ẹni tí ó bá béèrè.

Èkíní ni *Yaaba*, tí Idrissa Ouédraogo ará Burkina Faso ṣe ní èdè Mooré ní ọdún 1989. Ọmọkùnrin kékeré kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Bila yan arúgbó obìnrin kan ní ọ̀rẹ́, ẹni tí gbogbo abúlé ń pè ní àjẹ́, tí wọ́n sì tiná bọ ilé rẹ̀. Ọmọ náà ń pè é ní Yaaba, tí ó túmọ̀ sí ìyá àgbà. Etí Yorùbá gbọ́ ọ bí ẹni pé èdè wa ni, ìyá olùkọ́ náà kò sì fẹ́ gbà títí di òní pé kì í ṣe Yorùbá. Fíìmù yìí kò gùn, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò pọ̀, nítorí náà òun ni ó dára jù fún ẹni tí kò tíì wo irú rẹ̀ rí. Ohun tí ó ń kọ́ni ni pé kí a má tètè dá ènìyàn lẹ́jọ́.

Èkejì ni èyí tí àwọn ará Ítálì pè ní *Ladri di biciclette*, iṣẹ́ Vittorio De Sica, ọdún 1948. Ìtàn olè kẹ̀kẹ́ ni. Ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní Róòmù, iṣẹ́ kò sí. Antonio rí iṣẹ́ lílẹ ìwé mọ́ ògiri, ṣùgbọ́n àfi ẹni tí ó bá ní kẹ̀kẹ́. Ìyàwó rẹ̀ kó aṣọ ibùsùn wọn lọ fi dógò kí wọ́n lè gba kẹ̀kẹ́ náà padà. Ọjọ́ àkọ́kọ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n jí i gbé. Òun àti ọmọ rẹ̀ Bruno fi ẹsẹ̀ wá gbogbo ìlú, títí tí bàbá fi gbìyànjú láti jí kẹ̀kẹ́ ẹlòmíràn lójú ọmọ rẹ̀, tí wọ́n sì mú un. Òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ni ọkùnrin tí ó ṣe Antonio, kò ṣe eré rí. Ẹni tí ó ti dójú ti bàbá rẹ̀ rí ní gbangba kò lè wo ìgbà tí Bruno di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú kí ó má mi ọkàn rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ti àwọn ará Ìránì, *Bacheha-ye Aseman*, àwọn ọmọ ọ̀run, tí Majid Majidi gbé jáde ní ọdún 1997. Ọmọkùnrin kan sọ bàtà àbúrò rẹ̀ obìnrin nù, wọn kò sì lè sọ fún bàbá wọn nítorí owó kò sí. Bàtà kan ni àwọn méjèèjì ń wọ̀ lọ sí ilé ìwé, ọ̀kan ní òwúrọ̀, èkejì ní ọ̀sán. Ọmọ náà wọ inú eré ìje nítorí pé bàtà ni ẹ̀bùn ẹni tí ó bá ṣe ipò kẹta. Olùkọ́ náà fi èyí han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú ń pariwo mọ́ tẹlifíṣọ̀n pé kí ọmọ náà má sáré jù.

*Yeelen* ti Souleymane Cissé ará Málì, ọdún 1987, le ju àwọn yìí lọ. Èdè Bambara ni wọ́n fi ṣe é, ìjà bàbá àti ọmọ tí wọ́n ní agbára òògùn ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ yé òun ní ìgbà àkọ́kọ́ yóò sú. Bàbá olùkọ́ náà kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá nítorí ẹ̀sìn wọn, wọ́n sì sọ bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ náà fẹ́ràn rẹ̀. Ilé kan náà lè ní ojú méjì.

Èyí tí ó wúwo jù ni *Moolaadé*, tí Sembène ṣe ní ọdún 2004, ọdún mẹ́ta kí ó tó kú. Àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin sá lọ bá Collé, obìnrin kan tí kò jẹ́ kí wọ́n dábẹ́ fún ọmọ tirẹ̀. Collé ta okùn aláràbarà sí ẹnu ọ̀nà ilé, kò sì sí ẹni tí ó lè kọjá okùn náà láti mú àwọn ọmọ náà. Wọ́n nà án ní gbangba, kò sọ ọ̀rọ̀ tí yóò tú okùn náà. Àwọn ọkùnrin abúlé gba rédíò lọ́wọ́ àwọn ìyàwó wọn, wọ́n dáná sun ún, nítorí wọ́n ní ibẹ̀ ni ìgboyà ti ń wọlé. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí àṣà ìdábẹ́ ọmọbìnrin ti rinlẹ̀ ní Nàìjíríà, òfin ìjọba àpapọ̀ tí ó lòdì sí i kò sì jáde títí di ọdún 2015. Nígbà tí wọ́n wo fíìmù yìí, ọmọbìnrin olùkọ́ náà ṣì wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ìyá àgbà sì ti béèrè lẹ́ẹ̀mejì pé ìgbà wo ni wọ́n yóò pe olóólà. Ìyá àgbà wò ó tán, wọn kò jiyàn bí wọ́n ti ṣe jiyàn lórí fíìmù Íńdíà. Wọ́n dìde, wọ́n lọ sùn. Wọn kò béèrè mọ́.

Àwọn kan a máa sọ pé kíkà ìtumọ̀ ń pa adùn eré. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá, tí ó sì ń ka Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń kọ sí ìsàlẹ̀ ọ̀pọ̀ fíìmù wa, mọ bí ìtumọ̀ ṣe ń jalè. Oríkì gígùn a di ìkíni, òwe mẹ́ta a di gbólóhùn kan. Bí wọ́n ti ń ṣe tiwa náà ni wọ́n ń ṣe ti Wolof àti ti Mooré. Nítorí náà ni olùkọ́ yìí fi máa ń sọ pé kí a kọ́kọ́ wo ojú, kí a gbọ́ ohùn, kí a tó ka ìwé. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí ẹnì kan máa ka ìtumọ̀ jáde ní Yorùbá fún àwọn tí ó kù. Ìwé tí ẹnì kan ń kà lọ́kàn yóò di eré tí gbogbo ilé ń ṣe.

Ọ̀ràn kan ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2019 tí ó fi ẹ̀kọ́ kan náà han gbogbo Nàìjíríà. Orílẹ̀-èdè wa fi fíìmù ránṣẹ́ sí ìdíje Oscar fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ẹ̀ka ti sinimá ilẹ̀ òkèèrè. *Lionheart* ni, iṣẹ́ Genevieve Nnaji. Wọ́n dá a padà, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, Ìgbò inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Ọ̀pọ̀ bínú, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ìjọba wa, ẹjọ́ wọn kò sì ṣófo. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ ìtàn *Mandabi* yóò ronú kan ọkùnrin tí ó ya eré rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ní ọdún 1968 kí èdè ìyá rẹ̀ má baà sọ nù.

Bàbá kú ní ọdún 2014. Wọ́n ti wo *Mandabi* tó ìgbà mẹ́fà kí wọ́n tó lọ. Ìyá ṣì wà, wọn a sì máa ní kí wọ́n fi í sí i bí ìrántí bàbá bá ti pé. Ọmọbìnrin olùkọ́ náà, tí ó ti di ọ̀dọ́ báyìí, ni ó ń ka ìtumọ̀. Nígbà tí ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, Yorùbá rẹ̀ ń ṣe gọ́tagòta bíi ti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì dí àlàfo. Ìyá àgbà kò gbà fún un. Ní ibi tí wọ́n ti ní kí Dieng mú káàdì wá, ọmọ náà dúró, ó ń wá ọ̀rọ̀ náà.

“Ìyá àgbà, kí ni à ń pe káàdì yẹn ní Yorùbá?”

“Èyí tí wọ́n fi yọ bàbá rẹ àgbà lẹ́nu?” ni ìyá wí. “Ìwé ìwọ-ta-ni ni. Máa kà á lọ.”